Owó Kànga, Owó Oṣù, Owó Ilé: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ ní Àjọ Kan ní Kubwa

Lẹ́tà náà wọlé ní ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn oṣù Kínní ọdún 2025. Kò ju ìlà mẹ́rin lọ: kí wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró lónìí, kí wọ́n má ná kọ́bọ̀ mọ́ nínú owó tó wà ńlẹ̀, kí wọ́n máa retí àlàyé. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ní 20 oṣù náà, ni Donald Trump ti fọwọ́ sí àṣẹ pé kí wọ́n dá ìrànwọ́ Amẹ́ríkà sí ilẹ̀ òkèèrè dúró fún 90 ọjọ́, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Àjọ ńlá tó ń gba owó USAID, àjọ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń ran ilẹ̀ òkèèrè lọ́wọ́, tó sì ń bu díẹ̀ fún àwọn kéékèèké, ló fi àṣẹ náà ránṣẹ́ sísàlẹ̀. Àjọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá: ọ́fíìsì yàrá mẹ́ta ní Kubwa ní Abuja, òṣìṣẹ́ 14, ọkọ̀ Hilux kan tí kì í ṣe tiwọn.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá irú àwọn ẹ́ńjíò kéékèèké bẹ́ẹ̀ tún ìwé wọn ṣe: ìforúkọsílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ìwé-ẹ̀rí SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ kí wọ́n má fi àjọ fọ owó ẹ̀gbin, tí báńkì máa ń béèrè kó tó ṣí àkáǹtì fún wọn, ìròyìn ọdọọdún. Alága wọn ló pè mí pé kí n wá jókòó tì wọ́n, kí n máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ. Wọ́n yọ̀ǹda kí n kọ ọ́ síta bí mi ò bá ti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo sì ti yí nǹkan kan tàbí méjì padà, kí ará Kubwa má baà máa nàka sí ilé onílé.

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ló dá àjọ náà sílẹ̀, ọmọ Ìyàgbà ní ìpínlẹ̀ Kogí. Mọ̀mí ni gbogbo èèyàn ń pè é, títí kan àwọn méjì kan tó dá mi lójú pé wọ́n jù ú lọ. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn abúlé Gbagyi tó wà lẹ́yìn Bwari, wọ́n kọ́ àwọn obìnrin abúlé kan láti mọ ẹni tó lóyún, kí wọ́n máa bẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì rọ̀ ọ́ títí tí yóò fi lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìlera. Bí aboyún bá bẹ̀rẹ̀ sí rọbí lóru, nọ́ńbà ọlọ́kadà kan wà lọ́wọ́ wọn. Yóò gbé e lọ, àjọ yóò sì san owó rẹ̀ ní òpin oṣù. Iṣẹ́ gidi ni. Mi ò rí ẹni tó ṣiyèméjì nípa ìyẹn rí.

Kí n tó dé ibi wàhálà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe sanra, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Dọ́là ni wọ́n fi kọ gíránǹtì (owó ìrànwọ́) ńlá wọn sínú ìwé àdéhùn. Nígbà tí wọ́n gbà á, dọ́là kan kò tó ₦480 ní báńkì. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ pé kí ọjà fúnra rẹ̀ sọ iye tó jẹ́. Kí oṣù náà tó parí, dọ́là ti kọjá ₦700, nígbà tó sì di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ìyà ni fún ẹni tó ń gba owó oṣù ní náírà. Fún ẹni tó ń gba dọ́là, iye kan náà tó ń ti òkèèrè bọ̀ di ìlọ́po mẹ́ta ní àkáǹtì láìjẹ́ pé ó ṣe nǹkan kan. Lóòótọ́, epo gba tirẹ̀ níbẹ̀: lítà tí kò tó ₦200 kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023 di ₦537 ní Abuja láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì lé ní ₦1,000 kí ọdún 2024 tó parí. Àwọn ọlọ́kadà sì ti fi kún owó wọn. Síbẹ̀, owó ṣẹ́ kù. Wọ́n kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ onígíránǹtì bóyá àwọn lè fi fẹ iṣẹ́ lójú, ó gbà. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà di 14. Abúlé méje di 19.

Kò sí ohun tó lòdì sí òfin nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n owó tí kò so mọ́ iṣẹ́ kankan, èyí tí àjọ lè fi gbọ́ bùkátà tirẹ̀ nígbà tí nǹkan bá le, kò tó owó oṣù ẹyọ kan. Ọdún méjì tí owó fi ń pọ̀ yẹn, mo wá inú gbogbo ìwé ìpàdé wọn, mi ò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti béèrè pé bí owó yìí bá dáwọ́ dúró ńkọ́. Ìwé ìpàdé náà dára ní ti àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ àti àdúrà ìparí.

Èèyàn márùn-ún ló wà ní bọ́ọ̀dù: Mọ̀mí, Alága, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan, tí òun àti Mọ̀mí sì jọ ti ìlú kan náà wá, àbúrò ọkọ Mọ̀mí, ìyàwó pásítọ̀ wọn, àti ọ̀gá nọ́ọ̀sì ilé ìlera abúlé kan, ọmọ Gbagyi, tí wọ́n fi kún un nígbà tí onígíránǹtì sọ pé kí ọmọ ìbílẹ̀ wà níbẹ̀. Ìpàdé tí wọn ò bá rántí pè é sí pọ̀ ju èyí tó wá lọ.

Ilé Mọ̀mí ni ọ́fíìsì náà wà, fúláàtì ìsàlẹ̀. Ọ̀fẹ́ ló fi sílẹ̀ fún wọn níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí gíránǹtì tó ní owó ilé nínú dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí gba ₦3 mílíọ̀nù lọ́dún, iye tí kò ju ti ọjà lọ. Òfin fàyè gba èyí. CAMA ti ọdún 2020, tó ń darí irú àjọ yìí, sọ pé owó àjọ kò gbọdọ̀ di èrè lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ó tún sọ pé ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀ olùdarí kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ olówó-oṣù níbẹ̀, àyàfi ẹni tí ipò iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé e jókòó sínú ìgbìmọ̀, bíi Mọ̀mí tó ń darí iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n owó ilé tó tọ́ tó sì yẹ, wọ́n lè san án fún un. Ohun tó yẹ kó wà tí kò sí ni ìwé tí Mọ̀mí yóò fi sọ fún bọ́ọ̀dù pé òun lòun nilé, kó sì jáde nígbà tí wọ́n bá ń jíròrò iye tí wọn yóò san. Ta ni yóò ní kí Mọ̀mí jáde nínú ilé Mọ̀mí?

Yàtọ̀ sí díẹ̀ tí kò so mọ́ iṣẹ́ kankan yẹn, owó kan ṣoṣo tó wà ní báńkì tí Amẹ́ríkà kò lè fọwọ́ kàn ni owó kànga. Ìdílé olówó kan ní Yúróòpù ló fi ₦16 mílíọ̀nù sílẹ̀ pé kí wọ́n gbẹ́ kànga dẹ̀rọ, kí wọ́n sì gbé iná sólà sí ilé ìlera kan ní abúlé. Oṣù Kẹrin ni agbẹ́kànga yóò dé. Owó náà wà ńlẹ̀, ó dúró jẹ́ẹ́, gbogbo èèyàn sì mọ̀ pé ó wà.

Ìpàdé wáyé ní Sátidé tó tẹ̀lé lẹ́tà náà. Mọ̀mí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ẹ jẹ́ ká yá ₦8 mílíọ̀nù nínú owó kànga. A ó fi san owó oṣù Kejì àti Kẹta àti àwọn nǹkan mìíràn tó bá yọjú. Bí Amẹ́ríkà bá ti tú owó sílẹ̀, a ó dá a padà kí agbẹ́kànga tó dé. A ò jí ti ẹnikẹ́ni.”

Àbúrò ọkọ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyàwó pásítọ̀ ní Ọlọ́run á tú owó náà sílẹ̀ kí 90 ọjọ́ tó pé. Gbogbo wa ṣe àmín. Èmi náà ṣe é. Àmín kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ̀. Alága wá kọjú sí akáǹtì, ọmọkùnrin Ọ̀ffà kan tí kò tíì pé ọdún 35, tó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú fáìlì lórí itan.

“Ìgbà wo lo lè ṣe ìwé báńkì náà?”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Mi ò lè fọwọ́ sí i.”

“Ọmọ mi, mi ò bi ọ́ bóyá o lè fọwọ́ sí i. Ìgbà wo ni mo bi ọ́.”

“Mo gbọ́, sà.” Ó ṣí fáìlì. “Nínú ìwé tí Mọ̀mí fọwọ́ sí, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ò gbọdọ̀ gbé owó yìí lọ síbòmíràn láìjẹ́ pé a kọ̀wé béèrè, kí wọ́n sì dá wa lóhùn. Ìyẹn ni àkọ́kọ́.” Ó dákẹ́. “Èkejì ni pé, owó oṣù méjì jẹ́ ₦5 mílíọ̀nù. ₦3 mílíọ̀nù tó kù, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Owó ilé ni. Oṣù Kejì ló máa ń tó san.”

Kò sí ẹni tó wo ojú Mọ̀mí. Èmi ń wo bírò mi.

“Ìwọ ọmọ yìí,” ni Mọ̀mí wí, “ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé mo fẹ́ fi owó kànga gba owó ilé? Èmi tí mo fi owó ìfẹ̀yìntì mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí?”

“Rárá o, Mọ̀mí. Ẹni tí yóò ka ìwé náà ni yóò sọ bẹ́ẹ̀.”

Mo ti jókòó ní ọ̀pọ̀ ìpàdé bọ́ọ̀dù ní Abuja, mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ṣòroó sọ tó ìyẹn. Mọ̀mí ló gba ọmọkùnrin náà síṣẹ́. Mọ̀mí ló bá a wá ilé ní Dutse Alhaji nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìlú. Bí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ, Mọ̀mí ni yóò wẹ̀ ẹ́. Èyí gan-an ni ìṣòro irú àjọ tí ẹnì kan fi àánú dá sílẹ̀: gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà ló jẹ ẹ́ ní gbèsè oore kan. Inú rere Mọ̀mí kò ní àbùkù. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni àyè tí ẹlòmíràn lè dúró sí láti sọ pé rárá láì di aláìmoore. Kí n má parọ́ mọ́ ọn: mi ò gbà pé Mọ̀mí mọ̀ọ́mọ̀ fi owó ilé pa mọ́ sínú ₦8 mílíọ̀nù yẹn. Owó ilé náà ló fi ń ra oògùn ọkọ rẹ̀. Lójú tirẹ̀, “àwọn nǹkan mìíràn” ni lóòótọ́, bíi owó iná àti owó dísù.

Ẹni tó yí ìpàdé náà padà ni ọ̀gá nọ́ọ̀sì ọmọ Gbagyi tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ilé ìlera tirẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ kànga náà sí. Ó ní aboyún tó bá wá bímọ lọ́dọ̀ òun, ẹbí rẹ̀ ló ń fi jẹ́ríkàn pọnmi láti odò wá, òun sì ti sọ fún wọn pé oṣù Kẹrin ni omi ń bọ̀. “Tí omi ò bá dé, èmi ni wọ́n máa bi, kì í ṣe ẹ̀yin.” Títí di ìgbà yẹn, a ti ń sọ̀rọ̀ owó náà bíi pé kò ní olówó nítòsí, pé àwọn òyìnbó kan níbì kan ló ni ín. Alága bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní ká tú ká, ká padà wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, Alága lọ bá Mọ̀mí nílé. Ohun tí wọ́n sọ, àwọn méjèèjì ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Mọ̀mí mú ìwé kan wá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ: òun lòun ni ilé yìí, òun sún owó ilé ọdún náà síwájú, òun sì dín in kù sí ìdajì, owó oṣù tòun náà dúró láti òní. Ó kà á tán, ó dìde, ó ní òun ń lọ wo ọbẹ̀ lórí iná kí wọ́n lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ fẹ́ pè é padà. Alága ní kó fi í sílẹ̀.

Ohun tó kù ni lẹ́tà sí ìdílé olówó náà, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà lórí rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba Mọ̀mí pé bí a bá sọ fún dónà kan pé dónà kejì ti lọ, yóò gba owó rẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ olórí ẹ́ńjíò ló ń rò bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pa ìṣòro mọ́ títí ọ̀dítọ̀ yóò fi bá wọn rí i. Lẹ́tà tí akáǹtì kọ kò ju ojú ewé kan lọ. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó so ìwé báńkì mọ́ ọn, kí wọ́n rí i pé ₦16 mílíọ̀nù náà pé. Ó ní àwọn ò ní fi san owó oṣù iṣẹ́ mìíràn. Ó wá béèrè ohun kan ṣoṣo: owó àbójútó (èyí tí àjọ fi ń gbọ́ bùkátà ọ́fíìsì) tó wà nínú gíránǹtì kànga fúnra rẹ̀, ₦1.6 mílíọ̀nù tí wọ́n pín sí oṣù 12, ṣé àwọn lè mú un lẹ́ẹ̀kan náà kí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì má baà tì kí kànga tó délẹ̀? Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí èsì fi dé. Wọ́n gbà, wọ́n sì ní kí wọ́n máa fi ìwé báńkì ránṣẹ́ lóṣooṣù.

Ti àwọn òṣìṣẹ́ le ju ìyẹn lọ. Mọ̀mí fẹ́ kí wọ́n dúró díẹ̀ kí wọ́n tó sọ fún wọn. Àmọ́ dírẹ́bà ti mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ní kó dá Hilux padà, ohun tí dírẹ́bà bá sì ti mọ̀, ọ́fíìsì ti gbọ́. Wọ́n pè wọ́n jọ lọ́jọ́ kejì ìpàdé. Akáǹtì fi iye tó wà ní báńkì hàn wọ́n lórí ògiri, ó sì yọ owó orí tí wọ́n ti gé lára owó oṣù wọn sọ́tọ̀, ó ní ti ìjọba nìyí, a ò ní ná an. Òfin iṣẹ́ sọ iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣíwájú kí wọ́n tó dá ẹnì kan dúró: ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ti lo oṣù mẹ́ta sí ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó ti lo ọdún méjì sí márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún sókè. Owó tí àjọ ní tí kò so mọ́ nǹkan kan ló bá èyí lọ, ó sì tán síbẹ̀.

Mẹ́sàn-án ló lọ. Ẹni tó dé kẹ́yìn ló kọ́kọ́ lọ, ìyẹn ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, ọmọ ẹ̀gbọ́n Mọ̀mí tó ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì sì wà lára wọn. Mo rí i lójú àwọn tó kù pé orúkọ ọmọbìnrin yẹn ni wọ́n ń dúró dè. Nígbà tí wọ́n kà á, ariwo tó wà ńlẹ̀ rọlẹ̀.

Àwọn ọlọ́kadà ṣì ń retí owó oṣù Kínní, owó náà sì wà lára èyí tí wọ́n tì pa. Mọ̀mí san án láti àpò ara rẹ̀. Akáǹtì já rìsíìtì fún un pé ẹ̀bùn ni, kì í ṣe owó tí àjọ jẹ ẹ́. Inú Mọ̀mí kò dùn sí rìsíìtì náà, ó ní kí ni àwọn ń ṣe bí àjèjì bẹ́ẹ̀. Ní abúlé méjì, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí yọ díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú adashi (èsúsú) wọn fún ọ̀kadà òru, ọlọ́kadà sì bá wọn dín iye kù nítorí aya àti àbúrò tirẹ̀ ló ń gbé. Ní àwọn abúlé tó kù, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọlọ́kadà pa fóònù rẹ̀ lóru, ó tán.

Ní oṣù Kejì kan náà, àwọn aṣòfin fi $200 mílíọ̀nù kún owó ìlera nínú ìsúná ọdún 2025. Àwọn kan ní ọ́fíìsì ń sọ pé díẹ̀ yóò dé Kubwa. Mo ní kí wọ́n má gbé e sínú ìṣirò. Ní 10 oṣù Kẹta, Marco Rubio, akọ̀wé ìjọba Amẹ́ríkà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, kéde pé àwọn ti fagi lé ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn iṣẹ́ USAID. Tiwọn wà nínú èyí tó lọ. Bí wọ́n bá ti yá ₦8 mílíọ̀nù yẹn, kò sí ibi tí wọn ìbá ti rí i dá padà, agbẹ́kànga ìbá sì dé ní oṣù Kẹrin bá àkáǹtì tó ti dín sí ìdajì.

Nǹkan ti yí padà díẹ̀ níbẹ̀. Èèyàn mẹ́ta ló ń fọwọ́ sí ìwé báńkì báyìí, méjì nínú wọn gbọ́dọ̀ pé, tẹbí-tẹbí kò sì lè jẹ́ méjì náà. Àbúrò ọkọ ti kúrò ní bọ́ọ̀dù, ọ̀gá nọ́ọ̀sì ló di igbákejì alága. Ìdajì owó ilé ni Mọ̀mí ṣì ń gbà. Wọ́n gbà pé gíránǹtì tuntun kankan kò ní wọlé láìsí owó àbójútó nínú rẹ̀, kí wọ́n sì máa tọ́jú díẹ̀ níbẹ̀ títí yóò fi tó bùkátà oṣù mẹ́ta. Kò tíì tó oṣù kan. Akáǹtì rí iṣẹ́ tó sàn jù ní Utako, ó lọ. Mọ̀mí ló gbàdúrà fún un ní ọjọ́ tó lọ, àdúrà náà sì gùn.

Èyí tó wà ńlẹ̀ báyìí ni ẹni tí yóò gba ipò Mọ̀mí, torí ó ti sọ pé òun fẹ́ sinmi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti padà dé láti Ìlú Ọba, ó sì fẹ́ iṣẹ́ náà. Bọ́ọ̀dù ní kí wọ́n polówó ipò náà, kí gbogbo ẹni tó bá wù kọ̀wé. Ó wà lára àwọn tó kọ̀wé. Alága ti kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ pé òun ò ní jókòó níbi tí wọn yóò ti bi í léèrè ọ̀rọ̀, nítorí òun wà lára àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ.